Bí ẹ ṣe lè mú kí fọ́tò ojú le koko láìsọ adúmáadán di èédú

Kò sí ọ̀sẹ̀ tí ẹnìkan kì í bi mí ní ìbéèrè yìí: "Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ kí fọ́tò mi le bíi ti àwọn tí mò ń rí lórí Instagram, ṣùgbọ́n tí mo bá ti fa Contrast (ìyàtọ̀ láàárín dúdú àti funfun) sókè báyìí, ojú oníbàárà mi á kàn dú wọlé ni. Kí ni mò ń ṣe tí kò dáa?" Mo ti fi ohùn dáhùn ún lórí WhatsApp títí ọ̀nà ọ̀fun mi fi há. Mo wá kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí n lè máa fi ránṣẹ́.

Fọ́tò tó le tí mò ń wí ni èyí tí dúdú rẹ̀ dúdú bíi kóró iṣin, tí funfun rẹ̀ funfun báláú, tí ìhunjọ ojú, irùngbọ̀n àti ilà sì yọ síta débi pé ọwọ́ á fẹ́ kàn án. Ẹni tó bá ń wá ojú tó jọ̀lọ̀ bíi ti ọmọláńgidi, ìtọ́sọ́nà yìí kọ́ ni tirẹ̀.

## Ibi tí wàhálà ti ń wá

Contrast kò mọ ojú, kò mọ aṣọ. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló mọ̀: ohun tó bá mọ́lẹ̀ ju ìwọ̀n àárín lọ, á tì í sókè, ohun tó bá ṣókùnkùn jù ú lọ, á tì í sísàlẹ̀. Ara òyìnbó sábà máa ń wà lókè àárín, nítorí náà bí wọ́n bá fa Contrast, ojú wọn á mọ́ sí i. Ara ọ̀pọ̀ nínú wa wà nísàlẹ̀ àárín. Bí a bá fa ohun kan náà, ojú wa á rì. Ọ̀pọ̀ fídíò ìkọ́ni tó wà lóde ni wọ́n fi ojú òyìnbó ṣe. Ẹ̀yin náà á da nọ́ńbà wọn kọ, ẹ á fi lé ojú tiwa, ẹ á wá máa bínú sí fóònù.

Ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà fi ń yin aláwọ̀ dúdú ti sọ ọ̀nà àbáyọ: adúmáadán. Ó dú, ó sì ń dán. Dídán yẹn ni kí ẹ máa fà sókè. Dúdú ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò wá ìrànlọ́wọ́ yín. Gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí, orí ọ̀rọ̀ kan yìí ló dúró lé.

## Ẹ kó nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀

- Fóònù tàbí kámẹ́rà tó lè ya RAW, ìyẹn fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì fún pọ̀ bó ṣe ń fún JPEG, fọ́tò lásán, pọ̀. JPEG ní ìpele ìmọ́lẹ̀ 256 péré fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. RAW tó jẹ́ 14-bit ní 16,384. Bí ẹ bá fa JPEG líle, ògiri ẹ̀yìn á ya sí ìlà-ìlà bí ibi tí omi òjò gbẹ sí.
- Lightroom, áàpù tí a fi ń tún fọ́tò ṣe, ti fóònù tàbí ti kọ̀ǹpútà. Ẹ̀yin tó ń lo Snapseed, áàpù mìíràn, ọ̀nà tiyín wà níwájú.
- Fèrèsé kan, aṣọ dúdú kan tó fẹ̀, tíṣù, àti òrí díẹ̀, òrí tí à ń fi pa ara.
- Àṣẹ ẹni tó ni ojú.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ló jẹ́ kí n fi àṣẹ sí i. Mo ya ìyá àgbà kan fún ọjọ́ ìbí ọgọ́rin ọdún wọn. Mo sọ fọ́tò náà di dúdú àti funfun, mo fa gbogbo ìhunjọ ojú wọn jáde. Lójú tèmi, iṣẹ́ ńlá ni. Ọmọ wọn obìnrin wò ó, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ìsìnkú la fẹ́ ṣe ni?" Ìyá fúnra wọn kàn rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àṣé báwọn ṣe gbó tó nìyẹn. Lọ́fẹ̀ẹ́ ni mo tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń fi àpẹẹrẹ kan han oníbàárà kí n tó gbé kámẹ́rà.

Ẹ má dán an wò lórí ọmọ ọwọ́, tàbí ẹni tí àìsàn ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀. Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù ńkọ́? Ẹ má fọwọ́ kàn án rárá, wọ́n á dá a padà.

## Ìmọ́lẹ̀ kọ́kọ́ ná

Fọ́tò tí wọ́n yà lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ, bó ti wù kí ẹ fà á tó, eérú ló máa dà. Kí òjìji ti wà lójú kó tó dé Lightroom.

1. Ẹ pa gbogbo iná yàrá, pàápàá gílóòbù tó wà lókè orí. Ẹ fi fèrèsé kan ṣoṣo sílẹ̀, kí ẹ sì ká kọ́tìnì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kúrò lójú rẹ̀, torí ó máa ń sọ ìmọ́lẹ̀ di rírọ̀.
2. Ẹ ní kí ẹni náà jókòó kí fèrèsé bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, díẹ̀ síwájú. Ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó jìnnà sí fèrèsé: ó yẹ kí ìmọ́lẹ̀ kékeré onígun mẹ́ta kan wà lábẹ́ ojú níbẹ̀. Bí kò bá sí, kó máa yí imú rẹ̀ sí fèrèsé díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi yọ.
3. Ẹ ta aṣọ dúdú sí apá kejì, kó má jìnnà ju nína ọwọ́ lọ sí ojú rẹ̀. Ògiri funfun máa ń da ìmọ́lẹ̀ padà sínú òjìji, iṣẹ́ yín á sì bàjẹ́ láìmọ ibi tó ti wá.
4. Ẹ fi tíṣù tẹ òógùn. Ẹ má nù ún. Lẹ́yìn náà, ẹ fi òrí bíńtín pa egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti góńgó imú. Àwọn tó ń ṣe ojú lóge fẹ́ràn láti fi pọ́dà pa dídán. Ẹ bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n fi í sílẹ̀ lónìí.
5. Lórí fóònù, ẹ fi ìka tẹ ibi tó ń dán jù lójú, kí ẹ fa àmì oòrùn wálẹ̀ títí ibẹ̀ kò fi ní funfun mọ́. Lórí kámẹ́rà, ẹ dín ìmọ́lẹ̀ kù sí -0.3 tàbí -0.7. Ohun tó bá ti jó di funfun kò ṣeé dá padà. Ohun tó ṣókùnkùn ṣì ṣeé fà jáde nínú RAW.
6. ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń yára gba ìmọ́lẹ̀ tó, kó má kọjá 400 bí ẹ bá lè rí i ṣe. Bó bá ga jù, fọ́tò á máa ní yanrìn. Líle tí ẹ fẹ́ fi kún un á sọ gbogbo yanrìn inú òjìji di òkúta.

Bí ẹ kò bá rí fèrèsé tó dáa, ẹnu ọ̀nà náà á ṣe é: ìṣísẹ̀ kan sínú ilé, kí ẹ̀gbẹ́ kan ojú rẹ̀ kọ ìta. Ẹ sá fún oòrùn ọ̀sán gangan, ó máa ń sọ kòtò ojú di ihò méjì. Aago mẹ́jọ àárọ̀ tàbí márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni oòrùn tó le tó sì ṣì ń wọ abẹ́ ìpéǹpéjú. Nígbà ọyẹ́, eruku ojú ọ̀run máa ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká, etí òjìji á sì yọ́. Lásìkò yẹn, ẹ padà sí ìdí fèrèsé.

## Àtúnṣe nínú Lightroom, ní títẹ̀léra

Nọ́ńbà tí mo kọ síbí, ibi tí mo ti ń bẹ̀rẹ̀ ni. Ojú kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀.

1. Temp àti Tint, àwọn tó ń tún àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ṣe. Ẹ mú funfun ẹyinjú tàbí kọ́là funfun kan, ẹ tún un ṣe títí kò fi ní ní ìyeyè kankan. Òun ni àkọ́kọ́, torí àṣìṣe àwọ̀ tí ẹ bá fi sílẹ̀ síbí, líle á sọ ọ́ di méjì.
2. Exposure, ìmọ́lẹ̀ gbogbo fọ́tò. Ẹ wo apá ojú tó wà níhà fèrèsé nìkan. Ẹ gbàgbé aṣọ, ẹ gbàgbé ògiri.
3. Contrast: 0. Mo mọ̀ pé ó ya yín lẹ́nu. Ẹ fi í sílẹ̀ síbẹ̀.
4. Highlights (ibi tó mọ́lẹ̀) -30, lẹ́yìn náà Whites (ibi tó funfun jù) +25. Bí ẹ bá ń fa Whites lórí kọ̀ǹpútà, ẹ di Alt mú. Lórí fóònù, ẹ fi ìka méjì fà á. Ojú fọ́tò á dúdú, ibi tó bá ti ń jó nìkan ló máa hàn. Bí ẹ bá ti rí àmì kan bí orí abẹ́rẹ́ níwájú orí, ẹ dúró, ẹ padà sẹ́yìn díẹ̀.
5. Shadows (òjìji) +15, Blacks (ibi tó dúdú jù) -30. Ó dà bí ẹni tó ń fi ọwọ́ kan kọ́lé, tó ń fi ìkejì wó o. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Shadows ló di ara mú kó má rì. Blacks kò fi bẹ́ẹ̀ dé ara. Irun, ihò imú àti igun yàrá ló máa ń mú. Ibi méjèèjì yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà: wọ́n á fa àwọn méjèèjì wálẹ̀ pọ̀.
6. Curve, ìlà kan tó lọ láti ibi tó dúdú jù dé ibi tó funfun jù. Ẹ fi àmì kan sórí ìlà níbi tí ara wà. Lórí kọ̀ǹpútà, irinṣẹ́ kan wà nínú Curve tí ẹ lè fi tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́, á fi ibẹ̀ hàn yín. Àmì yẹn kò gbọdọ̀ kúrò lójú kan, òun ni èèkàn. Ẹ wá fi òmíràn sápá òkè, ẹ gbé e sókè díẹ̀; ẹ fi ọ̀kan sí ìsàlẹ̀ pátápátá, ẹ fà á wálẹ̀ díẹ̀. Bí ẹ kò bá ta èèkàn yẹn, gbogbo ojú ló máa bá ìsàlẹ̀ lọ.
7. Texture +20, Clarity +10. Texture ń mú nǹkan wẹ́wẹ́ jáde: irun, ihò ara, òwú aṣọ. Clarity ń mú nǹkan ńlá, ó sì máa ń sọ ara dúdú di ara tí kò tíì pa ìpara lọ́jọ́ ọyẹ́. Dehaze, tó ń ká ìkùukùu kúrò lójú fọ́tò, 0 sí 5. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, ojú á wú.
8. Àwọ̀. Bí fọ́tò bá ti le, àwọ̀ rẹ̀ náà á ki. Ara á bẹ̀rẹ̀ sí í pupa bíi bíríkì. Ẹ lọ sí àwọ̀ Orange: Saturation (kíki àwọ̀) -10, Luminance (ìmọ́lẹ̀ àwọ̀) +8. Kí ẹ wá fa Vibrance, tó ń dín kíki àwọ̀ gbogbo fọ́tò kù, sí -10.
9. Ẹ̀yìn. Ẹ fi Mask, irinṣẹ́ tí a fi ń yan apá kan fọ́tò, mú ẹ̀yìn fọ́tò, ẹ fa Exposure rẹ̀ wálẹ̀ sí -0.7. Bí mo bá ní kí n yan ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo nínú gbogbo èyí, òun ni màá yàn. Ẹ kò fọwọ́ kan ojú rárá, síbẹ̀ á dà bí ẹni pé wọ́n tan fìtílà sí i.
10. Búrọ́ọ̀ṣì. Ọ̀kan tó ń tan ìmọ́lẹ̀, +0.3, pẹ̀lú Flow (agbára búrọ́ọ̀ṣì) kékeré: egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, ògóóró imú, ètè ìsàlẹ̀, egungun ọrùn. Òmíràn tó ń mú òkùnkùn wá, -0.3: abẹ́ àgbọ̀n àti ẹ̀bátí. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti fọwọ́ kàn tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ tọ̀. Ẹ má dá ìmọ́lẹ̀ tuntun sílẹ̀.

### Bí ilà ojú ṣe máa ń ṣe

Mo ṣiṣẹ́ lórí fọ́tò bàbá kan tó kọ gọ̀ǹbọ́. Bí mo ṣe sún mọ́ ọn títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan fi gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà, mo rí i pé ilà kọ̀ọ̀kan ní ikùn kan tó ṣókùnkùn àti ètè méjì: ètè tó kọjú sí fèrèsé ń dán, èyí tó kẹ̀yìn sí i kò dán. Texture +20 mú ètè yẹn yọ kedere. Mo fà á dé +50, ètè kejì náà bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, ilà wá dà bí ohun tí wọ́n fi ẹfun fà sójú bàbá. Mo dá a padà sí +25, mo wá fi búrọ́ọ̀ṣì òkùnkùn tọ ikùn ilà nìkan, -0.2. Ó gba ogún ìṣẹ́jú. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé ẹ̀ẹ̀kan la ń tẹ bọ́tìnì, ẹ ní kó wá ṣe abàjà.

## Aṣọ lè bá yín jà

Ẹtù ló máa ń dùn mí jù. Aró rẹ̀ ti dúdú tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá fa Blacks, àwọn ìlà aró fẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀ á pòórá, ẹtù olówó ńlá á wá jọ aṣọ dúdú lásán. Ẹ gbé Luminance àwọ̀ Blue sókè sí +20, ìlà náà á padà. Àlàárì máa ń pupa débi tí fọ́nrán rẹ̀ kò ní hàn mọ́. Ẹ dín Saturation àwọ̀ Red kù. Sányán kì í dààmú ẹnikẹ́ni.

Léèsì funfun ni kí ẹ fi Mask mú, kí ẹ fa Highlights rẹ̀ wálẹ̀ lọ́tọ̀, tí ihò ara rẹ̀ bá ti ń dí. Gèlè tó ń kọ mànà bíi páànù tuntun, ẹ dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ orí gèlè lojú olùwòran máa kọ́kọ́ lọ.

## Bí ẹ bá fẹ́ dúdú àti funfun

Lightroom máa fún yín láyè láti pinnu bí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe máa mọ́lẹ̀ tó lẹ́yìn tó bá ti di dúdú àti funfun. Ara wa, inú Orange àti Red ló pọ̀ sí. Ẹ gbé Orange sí +15. Red, +5 péré: bí ẹ bá gbé e jù, ètè á funfun bíi ti ẹni tí kò tíì jẹun. Blue, -30 bí ojú ọ̀run bá wà lẹ́yìn. Bí ẹtù bá wà lára ẹni náà, ẹ má dán an wò.

Ẹni tó bá fẹ́ rí bí dúdú ṣe ń dúró láìpòórá, kó wá fọ́tò irun dídì tí J. D. 'Okhai Ojeikere, ayafọ́tò ọmọ Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ sí í yà ní 1968. Irun dúdú, ẹ̀yìn tó mọ́ tónítóní, síbẹ̀ ẹ lè ka òwú tí wọ́n fi kó irun náà níkọ̀ọ̀kan.

## Àṣìṣe tí mò ń rí lójoojúmọ́

- Ìmọ́lẹ̀ tó yí orí ká bíi ti ẹni mímọ́ inú ṣọ́ọ̀ṣì. Clarity ló ń fà á, tàbí HDR, tó ń mú kí òjìji àti ìmọ́lẹ̀ yọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ dín in kù.
- Ojú àti ọrùn kò jọ ara wọn. Pọ́dà tó fẹ́ẹ́rẹ́ jù lójú kì í hàn tó bẹ́ẹ̀ nínú fọ́tò lásán. Bí fọ́tò bá ti le, á dà bí ìbòjú. Kí ẹ wò ó kí ẹ tó ya fọ́tò. Ẹ ní kí wọ́n pa á kan ọrùn àti etí.
- Ẹyinjú àti eyín tó ń tàn bí iná mọ́tò. Ẹ tan ìmọ́lẹ̀ sínú dúdú ojú nìkan, +0.2. Ẹ fi funfun ojú sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ máa ń wà níbẹ̀.
- Ìrorẹ́ tó di òkè. Ẹ fi Healing yọ ọ́ kí ẹ tó fa Texture. Àpá, tàdáwà àti ilà, ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n àfi bí oníbàárà bá sọ bẹ́ẹ̀.
- Preset, ìyẹn àtúnṣe tí ẹlòmíì ti tò sílẹ̀, tí wọ́n rà. Owó yín ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe é kò rí ojú tí ẹ fẹ́ lò ó fún. Bí ẹ bá lò ó, ẹ kọ́kọ́ lọ dá Contrast rẹ̀ padà sí 0, kí ẹ wo ohun tó kù.
- Ṣíṣe é lóru, lórí ojú fóònù tó mọ́lẹ̀ dé òpin. Lọ́jọ́ kejì, gbogbo rẹ̀ á ṣókùnkùn. Ẹ fi ìmọ́lẹ̀ fóònù sí ìdajì.

## Ọ̀nà Snapseed

Ọ̀fẹ́ ni, ó sì tó fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́.

1. Tune Image: Highlights -20, Shadows +15, Ambiance -10. Ẹ má fọwọ́ kan Contrast.
2. Curves: ọ̀nà kan náà tí mo ṣàlàyé, èèkàn lórí ara.
3. Details: Structure +15. Èyí jọ Texture àti Clarity tí wọ́n pò pọ̀, nítorí náà ẹ rọra.
4. Selective: ẹ tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ń dán, ẹ fi Brightness +10 sí i. Ẹ tẹ ẹ̀yìn níbi méjì tàbí mẹ́ta, ẹ fi -30 sí i.
5. Black and White bí ẹ bá fẹ́: ẹ yan filter àwọ̀ Orange, ojú á mọ́ láìfi ètè ṣòfò.

Drama àti HDR Scape wà níbẹ̀, wọ́n sì ń pe èèyàn. Fún àwọsánmà àti ilé àtijọ́, ó dáa. Fún ojú, ẹ jẹ́ kó máa pè.

## Kí ẹ tó fi ránṣẹ́

Ẹ fi fọ́tò náà sílẹ̀, ẹ lọ jẹun, ẹ padà wá. Ẹ wá bi ara yín:

- Bí mo bá dín fọ́tò náà kù dé ìwọ̀n èékánná, ṣé ojú ló ṣì kọ́kọ́ yọ?
- Ṣé mo ṣì rí ara nínú òjìji, àbí ihò ni?
- Ṣé ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ẹni náà á dá a mọ̀?
- Lórí fóònù ẹlòmíì ńkọ́, pàápàá fóònù olówó pọ́ọ́kú?

Tó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń lọ, ẹ yọ ọ́ síta ní sRGB, ìlànà àwọ̀ tí orí íntánẹ́ẹ̀tì ń lò, kí apá tó gùn jẹ́ píksẹ́lì 2,048. Lórí WhatsApp, ẹ fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi Document. Bí ẹ bá fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò, wọ́n á fún un pọ̀, òjìji tí ẹ fi ogún ìṣẹ́jú ṣe á sì fọ́ sí kóró-kóró. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde, fọ́tò tí apá kan rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 8, tí ìkejì jẹ́ 10, ń fẹ́ píksẹ́lì 2,400 ní apá kan àti 3,000 ní ìkejì. Bébà kì í tan iná bíi fóònù, nítorí náà ẹ gbé Exposure sókè ní +0.2 fún èyí tó ń lọ sílé ìtẹ̀fọ́tò, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ ẹyọ kékeré kan fún yín wò kí wọ́n tó fi ńlá sínú férémù.